Odò, Rélùwéè, Títì Márosẹ̀: Bí Iṣẹ́ Ṣe Ti Abẹ́òkúta Dé Ifọ̀, Ibafo àti Mowe

Bí ẹ bá ń gbé Mowe, Ibafo tàbí Ifọ̀, ó dájú pé ẹ ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu àwọn ará Èkó: “Ibẹ̀ yẹn? Ibi tí wọ́n ti ń sùn ni, wọn kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú. Kì í ṣe pé irọ́ pátápátá ni. Ẹni tó bá dúró sí ibùdókọ̀ Mowe ní aago márùn-ún ìdájí máa rí bí àwọn èèyàn ṣe ń du ọkọ̀ tó ń lọ sí Berger. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná làwọn ìlú wọ̀nyí hù jáde, bí ẹni pé èrò tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ l'Ékòó nìkan ló dá wọn sílẹ̀. Àgbègbè yìí ti wà lójú ọ̀nà òwò kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ Berger.

Bí mo ṣe rí ìtàn náà nìyí: ojú ọ̀nà ló ń fa iṣẹ́. Nígbà tó jẹ́ odò lọ̀nà, Abẹ́òkúta ló jẹ adùn rẹ̀. Nígbà tí rélùwéè dé, Ifọ̀ dìde, Ewékorò sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n la títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó yí kan Ibafo àti Mowe. Odò náà kò sì kúrò níbì kankan. Òun ló ń gbé omi lọ sí Èkó, òun náà ló ń wọ yàrá àwọn èèyàn lóṣù kẹwàá. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀, tó fẹ́ wá iṣẹ́ tàbí tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀ ládùúgbò wa yìí, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Ògùn, kì í ṣe Ògún

Àmì ohùn kọ́kọ́ o. Ògún ni òrìṣà irin, Ògùn ni odò. Odò ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló ń pè é bí ẹni ń pe òrìṣà. Àwọn baba wa gbà pé Yemọja ló ni odò náà. Apá Ṣakí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ti ṣẹ̀ wá, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀sà Èkó.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wò ó láti Abẹ́òkúta sí ìsàlẹ̀. Ifọ̀, Pápálantò àti Ewékorò wà ní apá ìwọ̀ oòrùn odò. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, tí Ibafo, Mowe àti Ọ̀fadà wà nínú rẹ̀, wà ní apá ìlà oòrùn. Ìyẹn ni pé odò kan ṣoṣo ló wà láàárín ará Ifọ̀ àti ará Mowe, àmọ́ kí wọ́n tó lè rí ara wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa kọ́kọ́ wọ Èkó, kí wọ́n tó tún jáde. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Òkúta dáàbò bò wọ́n, odò bọ́ wọn

Ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti tú ìlú wọn ká kúrò n'Íbàdàn wá sí abẹ́ Olúmọ. Gbogbo wa la mọ ti òkúta. Ṣebí òun ló fún ìlú lórúkọ. Ohun tí wọn kì í sọ tó ni odò. Láti Àrò, tó jẹ́ èbúté Abẹ́òkúta láyé ìgbà náà, ọkọ̀ àjẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀ títí dé ọ̀sà Èkó. Àsìkò òjò nìkan ni omi máa ń pọ̀ tó láti gbé ẹrù tó wúwo gòkè dé ibẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, òkúta àti yanrìn á yọrí, ẹrù á wá di ti aláàárù.

Epo pupa, èkùrọ́ àti òwú ló ń sọ̀kalẹ̀. Iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù ló ń gòkè bọ̀. Àwọn Ẹ̀gbá sì ń gba owó ibodè lórí ohun tó ń kọjá. Bí ìjà bá dé láàárín àwọn àti ìjọba Èkó, pàápàá lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n ti ọ̀nà pa. Kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá, àwọn oníṣòwò Èkó á ti máa pariwo. Ẹ ò rí i? Láyé ìgbà yẹn, Èkó ló ń wo ojú Abẹ́òkúta.

Láàárín ogún ọdún sí ọgbọ̀n ọdún, àwọn òyìnbó tó wá ibẹ̀ ti ń fojú bu àwọn olùgbé ìlú náà sí nǹkan bí 60,000 sí 100,000. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ wa tí wọ́n gbà lóko ẹrú tí wọ́n kó lọ sí Sierra Leone, ti ń padà bọ̀ wálé. Henry Townsend yọjú ní 1843, òun àti Àjàyí Crowther sì wá jókòó tì í ní 1846. Ìwé Mímọ́ nìkan kọ́ ni wọ́n mú wá o. Ọkùnrin oníṣòwò kan ní Manchester, Thomas Clegg, fẹ́ òwú, ìjọ C.M.S. sì fẹ́ kí òwò òwú gba ipò òwò ẹrú. Bí ẹ̀rọ tó ń ya kóró kúrò lára òwú àti èyí tó ń fún un pọ̀ di ìdì ṣe dé Abẹ́òkúta nìyẹn. Sàró kan tó ń jẹ́ Henry Robbin lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Manchester, ó sì padà wálé wá bójú tó o. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ l'Ámẹ́ríkà ní 1861, tí òwú Amẹ́ríkà kò dé Gẹ̀ẹ́sì mọ́, owó òwú lọ sókè, àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbá náà sì rí i ṣe.

Inú ìgbòkègbodò yìí ni Townsend ti gbé Ìwé Ìròhìn jáde ní 1859. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 120 owó ẹyọ ni wọ́n sì ń tà á. Èmi tí mò ń fi Yorùbá kọ ìròyìn lónìí, mi ò lè kọjá lórí ìyẹn láì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Ìlú tó ní òwò ló ń ní ìwé ìròyìn.

Kò pẹ́ tó fi dàrú. Ìjọba Èkó ń fẹ́ fi ọlọ́pàá rẹ̀ ṣọ́ ojú ọ̀nà tí Ẹ̀gbá kà sí ilẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ owó ibodè náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1867, ìlú gbaná jẹ: wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó jáde. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ọdún náà títí di òní. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ọ̀nà ni.

Irin dé, ọkọ̀ àjẹ̀ sinmi

Ní 1896, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í to ojú irin láti Ìddó. Ó gba Agége, ó gba Ifọ̀, ó gba Abẹ́òkúta, nígbà tó sì di 1901 wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ẹrù tí òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń dá dúró tẹ́lẹ̀ wá ń lọ wìtìwìtì yípo ọdún. Àwọn tó ń tukọ̀ lórí Odò Ògùn kò rí ẹrù tó bẹ́ẹ̀ kó mọ́.

Abẹ́òkúta ṣì ń dá ìjọba ara rẹ̀ ṣe nígbà yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ti bá wọn ṣàdéhùn ní 1893, ní 1898 wọ́n sì dá Egba United Government sílẹ̀, owó ibodè sì ni ọ̀kan pàtàkì lára ohun tí ìjọba yẹn ń jẹ. Ó parí ní 1914, lẹ́yìn tí sójà pa àwọn èèyàn n'Ìjẹmọ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, nítorí owó orí tuntun àti iṣẹ́ ọ̀ranyàn, Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí àwọn ará oko kọjú ìjà sí ní gúúsù Abẹ́òkúta: ojú irin. Wọ́n hú u, wọ́n sì gé wáyà tẹligíráàmù. Àwọn náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni agbára wà.

Ifọ̀ ló jẹ àǹfààní irin jù ní tiwa. Ní nǹkan bí ọdún 1930, wọ́n ya ẹ̀ka kan láti ibẹ̀ lọ sí Ìlaròó títí dé Ìdògò, kí kòkó àti èkùrọ́ ilẹ̀ Yewa lè rí ọ̀nà dé Èkó. Bí Ifọ̀ ṣe di oríta rélùwéè nìyẹn. Níbi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró pàrọ̀ orí, ọjà ló máa ń bẹ̀rẹ̀: olóúnjẹ, aláàárù, ẹni tó ń ra kòkó, télọ̀, ilé àyágbé. Ẹ̀ka yẹn ti kú tipẹ́, irin rẹ̀ kò gbé ẹnikẹ́ni lọ sí Ìlaròó mọ́. Ọjà tó dá sílẹ̀ kò kú.

Àwọn aláró

Ẹ má jẹ́ kí n sáré kọjá lórí adìrẹ, nítorí nígbà táwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́, wọ́n máa ń rò pé ó gbọ́dọ̀ ní sìmínì àti sírínì kó tó jẹ́ ilé iṣẹ́. Láàárín 1920 sí 1930, ẹ̀yìnkùlé àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ni ilé iṣẹ́ wà. Aṣọ funfun ń ti Manchester bọ̀, rélùwéè ń gbé e wá, àwọn ìyá wa ń dì í, wọ́n ń fi ẹ̀kọ kọ ọ́, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú aró, àwọn oníbàárà sì ń wá láti Gold Coast àti Senegal. Iṣẹ́ tó ń jẹ omi ni. Láìsí omi tó pọ̀, kò sí aró.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, ọjà kù. Àwọn aláró kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo sódà kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó kí iṣẹ́ lè yá, kó sì dín owó kù. Àwọn oníbàárà ní aṣọ ń tètè gbó. Ní 1936, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin dè é. Àwọn aláró kọ̀ jálẹ̀, wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé iwájú ìjọba amúnisìn, ìjọba sì ní láti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ wá ṣèwádìí. Ẹ rántí pé obìnrin ni wọ́n, láyé tí wọn kì í pe obìnrin sí ìpàdé.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn, ní 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tú jáde lórí owó orí, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1949, Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ó padà ní oṣù Kejìlá 1950. Wọ́n máa ń sọ ìtàn yẹn bí ìtàn olùkọ́ kan tó nígboyà, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgboyà rẹ̀. Àmọ́ àwọn tó tẹ̀ lé e jẹ́ obìnrin ọjà àti aláró tí wọ́n ti mọ owó tó ń wọlé àti èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn.

Adìrẹ ṣì wà n'Ítòkú. Ogun tó ń jà lónìí ni ti aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán adìrẹ sí lára ní China, tó wá ń pọ̀ lọ́jà lówó pọ́ọ́kú. Ìjọba Ògùn ṣí ọjà adìrẹ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kẹwàá 2020. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra ankara fún àríyá lẹ máa sọ bóyá ó máa ṣiṣẹ́.

Wapco

Ní Ewékorò, òkúta ẹfun wà nínú ilẹ̀. Ìyẹn ló pilẹ̀ gbogbo rẹ̀. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń sun nínú iná tó gbóná kọjá sísọ, tó fi ń di sìmẹ́ńtì. Rélùwéè wà nítòsí, títì Èkó sí Abẹ́òkúta wà nítòsí, Èkó tó ń kọ́lé kò sì jìnnà. Wọ́n dá West African Portland Cement Company sílẹ̀ ní 1959, ilé iṣẹ́ Ewékorò sì bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira. Nkalagu nìkan ló ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1957. Àwọn àgbà ṣì ń pè é ní Wapco. Orúkọ ti yí padà di Lafarge, ní oṣù Kejìlá 2024 wọ́n sì tún kéde pé Holcim fẹ́ ta ìpín tiẹ̀ fún Huaxin ti China. Àwòrán erin ṣì wà lára àpò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí apá tuntun kan níbẹ̀ ní 2011, Làkátàbú ni wọ́n sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Dangote ṣí tirẹ̀ n'Íbèṣè, ní ilẹ̀ Yewa, ní 2012, èyí tó wá tóbi débi pé ó lè ṣe mílíọ̀nù 12 tọ́ọ̀nù lọ́dún.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni pé Abẹ́òkúta kọ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Láti 1960 lọ, iṣẹ́ ńlá ti ń sún mọ́ Èkó díẹ̀díẹ̀: Ewékorò, Ọ̀tà, Agbára. Abẹ́òkúta di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1976, iṣẹ́ ìjọba àti yunifásítì wá pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ ti lọ sí ìsàlẹ̀ odò.

Ó ní ohun tó ń ná wọn. Eruku. Ẹni tó bá ti gba Ewékorò kọjá lẹ́ẹ̀rùn mọ bí ewé ṣe ń rí. Àwọn olùwádìí ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé lórí eruku yẹn, lórí ilẹ̀ oko àti lórí èémí àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Tírélà sìmẹ́ńtì sì wà lára ohun tó ń jẹ títì Ọ̀tà sí Abẹ́òkúta run. Ará Ifọ̀ kò nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn fún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ gbogbo kòtò ibẹ̀ lórúkọ.

Títì tó sọ oko di ẹ̀stéètì

Ní oṣù Kẹjọ 1978, ìjọba Ọ̀gágun Ọlúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó tó nǹkan bí 127 kìlómítà. (Ọmọ Ìbògùn ni Ọbásanjọ́, Ìbògùn sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀. Títì tó ṣí kò gba ìlú rẹ̀, ìsọdá odò lọ́hùn-ún ló gbà.) Kí títì yẹn tó dé, ohun tí wọ́n mọ apá ibí sí ni oko. Ọ̀fadà, tó fún ìrẹsì Ọ̀fadà lórúkọ, kò ju ìrìn ọ̀kadà díẹ̀ sí Mowe. Bí ẹ bá ń san owó gegere fún ìrẹsì oníwé mọ́inmọ́in yẹn ní Lẹkí, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé wa ló ti lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ fa èrò wá sójú títì kì í ṣe ilé iṣẹ́, àdúrà ni. Ìjọ Redeemed wá sí àgọ́ wọn ní 1983. Prayer City ti MFM wà n'Íbafo, NASFAT náà ní gbàgede àdúrà lójú títì yìí. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀: ibi tí ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn bá ti ń kóra jọ lóṣooṣù, wọ́n á jẹun, wọ́n á ra omi, wọ́n á wọkọ̀, nígbà tó bá yá àwọn kan á ra ilẹ̀ kí wọ́n má bàa máa padà sílé ní òru. Owó ilé Èkó ló tì wọ́n, àgọ́ àdúrà ló fi ọ̀nà hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí ńlá wá ń dìde láti Ibafo títí dé oríta Ṣàgámù, nítorí ẹni tó bá ní tírélà kò fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó sínú gò-sílóò Àpápá. Nestlé ti wà ní Flowergate nítòsí Ṣàgámù láti 2011.

Odò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ lójú títì yìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá tí títì fi kọjá Odò Ògùn ni Kárà wà, ọjà màlúù àti àgbò ńlá yẹn. Lẹ́yìn ilé àwọn èèyàn ní Ìṣẹrí, Wáréwá àti Ibafo, àwọn awayanrìn wà lórí omi, ẹ̀rọ ń fa yanrìn sókè, tíípà ń tò sílẹ̀ dè é. Sìmẹ́ńtì láti Ewékorò, yanrìn láti Odò Ògùn: ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń fi ṣakọ l'Ékòó, ara wa ni wọ́n bù ú. Apá kan wà tí kò dára: láàárín 2012 sí 2015, irà Arepo ni àwọn tó ń bẹ́ páìpù epo NNPC fi ṣe ibùba, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì fi ń kó epo jáde. Ní 2012, wọ́n pa àwọn òṣìṣẹ́ NNPC mẹ́ta tó lọ tún páìpù náà ṣe.

Omi wa, Èkó ló ń mu ún

Ní 1983, Ààrẹ Shehu Shagari ṣí dáàmù Ọyàn, lórí odò tó ń ṣàn wọ Odò Ògùn lókè Abẹ́òkúta. Mílíọ̀nù 270 mítà onígun mẹ́ta omi ló lè gbà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi lẹ́ẹ̀rùn. Wọ́n tún so ẹ̀rọ iná mẹ́ta mọ́ ọn, mẹ́gáwáàtì 9 lápapọ̀, tí kò tan iná fún ẹnikẹ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn abúlé tí adágún náà bo oko wọn ni wọ́n kó lọ sí ibòmíràn lẹ́bàá omi, àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀ sì bá àwọn ọmọ wọn jà gan-an, nítorí ìgbín tó ń gbé àrùn náà fẹ́ràn omi tó dúró sójú kan.

Omi náà ń bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ní Akute, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, ẹ̀rọ Èkó ń fà á lọ sí ilé iṣẹ́ omi Adíyàn, tí wọ́n ṣí ní 1991 láti lè ṣe mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Ní Akute yẹn kan náà, ní Alágbolé, ní Ajuwọn, lánlọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ tirẹ̀, ẹni tí kò lówó sì ń pọn omi lọ́dọ̀ aládùúgbò. Odò ń kọjá lẹ́yìn ilé, omi ẹ̀rọ kò sí nínú ilé. Mi ò mọ orúkọ míì tí mo lè pe ìyẹn ju ìrẹ́jẹ lọ.

Ẹ̀kún omi wá ńkọ́? Bí òjò bá ti rọ̀ títí oṣù kẹsàn-án, tí dáàmù ti fẹ́ kún, àjọ Ogun-Osun River Basin tó ń bójú tó o á ṣí ojú rẹ̀, nítorí bí dáàmù bá ya, àjálù ńlá ni. Omi tí wọ́n tú sílẹ̀ á bá ti òjò pàdé lójú odò. Nígbà tó bá máa fi dé Ìṣẹrí, ilẹ̀ ti tẹ́, ọ̀sà náà ti ga, omi kò rí ibi yára lọ. Ó wá ń tàn ká: Kárà, Ìṣẹrí, Arepo, títí dé Ajégúnlẹ̀ n'Íkòródú. Ní oṣù Kẹwàá 2010, ó lé ọ̀pọ̀ èèyàn jáde nílé. Láti ìgbà náà, ọdún díẹ̀ díẹ̀ ló ń padà wá.

Ọ̀pọ̀ máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru dáàmù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Irà tí odò fi ń sinmi láyé àtijọ́ la ti gé sí plọ́ọ̀tì, tí ọmọ onílẹ̀ tà, tí àwa náà rà pẹ̀lú fọ́tò àti ìpọ́nmọ́lẹ̀ lórí Instagram. Kẹ́ ẹ tó sanwó ilẹ̀ ní apá Arepo, Wáréwá tàbí lẹ́yìn Ibafo, ẹ lọ wò ó lóṣù kẹwàá, ẹ má lọ wò ó lóṣù kejì. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé tó ti wà níbẹ̀, àmì omi máa ń hàn. Ẹ bi ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ má bi ajẹ́ńtì. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí sọ̀fíyọ̀ tẹ́ ẹ fúnra yín mú bá yín yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò ní Òkè-Mọ́sàn, l'Ábẹ́òkúta, nítorí ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà náà pọ̀ lójú títì yìí.

Owó orí yín àti ọkọ̀ ojú irin tuntun

Ohun méjì ló kù. Àkọ́kọ́: òfin owó orí Nàìjíríà sọ pé ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó orí rẹ̀, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ẹni tó ń gbé Mowe tó ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà, Ògùn ló yẹ kí wọ́n máa san án fún. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe owó oṣù níbi iṣẹ́ yín, àdírẹ́sì wo ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún yín. Bó bá jẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n yín ní Agége tẹ́ ẹ lò nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ló ṣì wà níbẹ̀, títì Agége lẹ̀ ń tún ṣe. Mi ò sọ pé ìjọba Ògùn máa ná an dáadáa o. Mo kàn ní èèyàn ò lè béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí kò gbowó rẹ̀.

Èkejì: ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí rélùwéè tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn. Ipasẹ̀ ti 1901 ló tẹ̀ lé, ìyẹn ni pé ó gba Agbado, Kájọlà àti Pápálantò kí ó tó dé ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká l'Ábẹ́òkúta. Apá Ifọ̀ ló tún já sí. Ní Kájọlà ni wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ tí yóò máa to kẹ̀kẹ́ ẹrù rélùwéè lélẹ̀ ní 2019. Ibafo àti Mowe kò sí lójú irin yẹn. Ará Mowe tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí Ìbàdàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ mọ́tò padà sí Èkó, kó lọ bá a ní Agége, kó tó gòkè kọjá lódìkejì odò tí ó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀.